Ọwọ́ Ọ̀gá Lórí Sitiárìn

Àti pé ta ló tiẹ̀ ní mo bú àdúrà? Mi ò bú àdúrà. Ọwọ́ ni mo ní kí wọ́n gbé kúrò, mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà mọ́. Ọwọ́ lọ́tọ̀, àdúrà lọ́tọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì tó wà lójú títì Ìkòtún sí Ìgàndó lónìí, tí ẹ bá béèrè mi, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín nìyẹn: ọmọ rẹ́wáyà tó ní àdúrà ọ̀gá ẹ̀ ń ba mọ́tò jẹ́. Wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ jàre. Èmi, ọ̀gá mi, àti Màmá Tíṣà tó ni mọ́tò. Àwa mẹ́ta la mọ bó ṣe rí, nínú àwa mẹ́ta ọ̀hún, èmi nìkan ni inú ṣì ń bí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ́wáyà ni mò ń ṣe. Tí iná mọ́tò bá gé, tí fèrè ò dún, tí wáípà bá dúró sójú kan nínú òjò, èmi ni wọ́n ń pè. Mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá, mo gba fírídọ̀mù, mi ò sì lọ. Mo dúró sí ṣọ́ọ̀bù wọn, mò ń bá wọn ṣiṣẹ́, torí mo fẹ́ràn wọn. Mo ní kí n sọ ìyẹn sílẹ̀ ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ìjà ló wà láàárín wa látilẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọkùnrin gbọọrọ tí kì í pariwo. Wọ́n lè gbé etí lé ẹ́ńjìnnì kí wọ́n sọ fún ẹ pé púlọ́ọ̀gì kẹta ni kò jó dáadáa, kí o tú u kó sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè wọ́n ní Àlááji, àwa ń pè wọ́n ní ọ̀gá.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò sí mọ́tò tó ń jáde níbẹ̀ tí ọ̀gá ò ní jókòó sínú ẹ̀ kọ́kọ́. Tí a bá ti ṣe é tán, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i ṣáájú wọn. Wọ́n á jókòó sí ìjókòó dírẹ́bà, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì lé sitiárìn, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọọ̀dù tàn, wọn ò ní tíì sitáàtì o. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá la ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n á ṣe bísímíláì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbàdúrà fún ẹni tó ni mọ́tò, fún taya, fún bíréèkì, fún ojú ọ̀nà, fún ẹni tó máa sáré sọdá tí kò ní wo ọ̀tún wo òsì. Onígbàgbọ́ á ṣe àmín, mùsùlùmí á ṣe àmín. Bàbá kan wà tó máa ń ti Àgbàdo wá, mẹkáníìkì sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ gan-an, ó ní mọ́tò tí ọ̀gá ò bá tíì gbọ́wọ́ lé, ara òun kì í balẹ̀ nínú ẹ̀.

Èmi náà máa ń ṣe àmín. Sókè pàápàá.

Ọwọ́ òsì yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn ṣá.

Màmá Tíṣà wá sọ́dọ̀ wa ní ọdún kan tí òjò pọ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé fóònù tí wọ́n ń fi ìka pa lójú. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ rí, èjìká ọ̀tún wọn kán. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n agbára ò padà síbẹ̀. Wọ́n lè kọ̀wé, wọ́n lè ro ọbẹ̀, wọn ò lè gbé korobá omi. Àwọn ọmọ wọn ra mọ́tò kékeré kan fún wọn, aláwọ̀ eérú, irú èyí tí sitiárìn ẹ̀ ń lo iná. Sitiárìn yẹn fúyẹ́ débi pé ìka kan tó láti yí i. Òun ló jẹ́ kí wọ́n ṣì máa wakọ̀.

Ibi kan ni wọ́n ń wà á lọ jù. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á lọ sí Ìgàndó lọ wo ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ìyá arúgbó tí kò lè dìde mọ́. Wọ́n á wẹ̀ fún un, wọ́n á dirun fún un, àwọn méjèèjì á jà díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ, Màmá á wá padà sílé. Wọ́n sọ fún mi pé ìjà yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àwọn kú.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wọn àgbà ti sọ ọ́. Ó ní ọjọ́ tí sitiárìn yẹn bá fi le, òun máa wá gbé mọ́tò náà lọ, kí Màmá jókòó sílé kí wọ́n sinmi. Kì í ṣe ọmọ burúkú o, ẹ̀rù ló ń bà á. Màmá ní, "Wọ́n fẹ́ kí n jókòó sí pálọ̀, kí n máa dúró de ìgbà tí ẹnì kan bá ráyè gbé mi." Ohun tó wà ńlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò lásán.

Sitiárìn wá le. Iná pupa kan tàn lórí dáṣíbọọ̀dù, tí Màmá bá ń rìn jẹ́jẹ́ báyìí tí wọ́n fẹ́ yà, ó máa dà bí ìgbà tí èèyàn ń yí ọlọ. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lápá Akọ̀wọ́njọ. Ìyẹn ní ọ́ìlì sitiárìn ló gbẹ, kí wọ́n lọ ra ìgò kan wá. Wọ́n rà á. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ibi tí wọ́n máa da ọ́ìlì sí, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ fẹ́ dà á síbi omi wáípà. Bí wọ́n ṣe dá Màmá padà nìyẹn pé kí wọ́n padà wá lọ́la, Màmá sì mọ irú ọ̀la yẹn dáadáa, wọ́n ti kọ́ ọmọ ilé ìwé fún ọdún márùndínlógójì. Ìgò ọ́ìlì yẹn wà nínú búùtù nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọn ò tíì ṣí i.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Mi ò lè mọ́ra.

Torí sitiárìn oníná ò ní ibi ọ́ìlì. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni ti àtijọ́: pọ́m̀pù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì ń yí i, pọ́m̀pù ń ti ọ́ìlì, ọ́ìlì ń bá ẹ ti taya. Oníná ò ní pọ́m̀pù, kò ní páìpù, kò sí nǹkan tó ń jò. Ẹ̀rọ kan ló wà lára ọ̀pá sitiárìn fúnra ẹ̀, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, lókè orúnkún dírẹ́bà. Ó jọ ẹ̀rọ tó ń yí wáípà, ó kàn lágbára jù ú lọ ni. Tí o bá ti ń yà, òun náà á máa bá ẹ yí i.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí. Ọ̀gá ò mọ̀ ọ́n, wọn ò sì sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Mo rí ọ̀pá sitiárìn kan gbà lára mọ́tò tó ti ní jàǹbá, tí wọ́n fẹ́ tà fún àwọn onírin, mo gbé e lọ sílé, mo tú u palẹ̀ sórí ẹní. Mo ń ka nǹkan lórí fóònù, mo ń wo irin, mo ń tún un kà. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mo máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan báyìí, mo máa lọ jókòó sí káféè ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ wá a. Òyìnbó tí wọ́n fi kọ ọ́ le. Mo ka ojú ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí. Mo máa ń bi ara mi pé báwo ni irin ṣe ń mọ̀ pé èèyàn fẹ́ yà? Ẹ̀rọ yẹn ò lójú. Báwo ló ṣe mọ̀ pé apá òsì ni o fẹ́ lọ, kí ó tó bá ẹ tì í sí òsì? Ẹni tó ṣe é, ó gé ọ̀pá sitiárìn sí méjì, ó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó pọ̀ láàárín, kò nípọn ju ìka ọwọ́ kékeré lọ. Tí o bá yí sitiárìn, apá òkè á kọ́kọ́ lọ, apá ìsàlẹ̀ á ṣì dúró díẹ̀ torí taya ń fa ilẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á wá lọ́ láàárín wọn. Ó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀, tó ń wọn bó ṣe lọ́ tó àti apá ibi tó lọ́ sí. Ó lọ́ sí òsì díẹ̀, ẹ̀rọ á tì í sí òsì díẹ̀. Ó lọ́ gan-an, ẹ̀rọ á tì í gan-an. Kò lọ́ rárá, ẹ̀rọ á jókòó jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí mo rí irin yẹn, tí mo fi ọwọ́ ara mi lọ́ ọ, tí mo rí bó ṣe ń padà sáyè ẹ̀, mo jókòó sórí ẹní yẹn pẹ́. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àṣírí kan fún.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó ń ṣọ́ irin yẹn gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Tí o bá ti pààrọ̀ ọ̀pá sitiárìn, o ní láti kọ́ ọ. Fún irú mọ́tò Màmá, o máa to taya kí ó tọ́, o máa fi wáyà kékeré kan so ojú méjì pọ̀ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, o máa ṣí kọ́kọ́rọ́, o máa dúró. Iná pupa yẹn á máa ṣẹ́jú. Tó bá ti ṣẹ́jú kíákíá, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e, mo fa ìlà sí i nídìí: má fọwọ́ kan sitiárìn.

Mo kọ ọ́ o. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mi ò rántí ẹ̀.

Ọ̀pá sitiárìn ti Màmá ti bàjẹ́. A wá tòkunbọ̀ kan tó dáa, mo tú ti tẹ́lẹ̀, mo so tuntun, mo to taya, mo fi wáyà mi síbẹ̀. Mo nawọ́ fún kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá ti ń wọlé sí ìjókòó dírẹ́bà. Ó ti tán, àbí? Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé sitiárìn, wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́, bísímíláì. Mo ń wo iná pupa. Ó ṣẹ́jú jẹ́jẹ́, ó wá ń ṣẹ́jú kíákíá, àdúrà ò tíì dé ibi bíréèkì. Mo ṣe àmín. Inú mi dùn pé ó ti gbà.

Èmi àti ọ̀gá la jọ gbé e jáde. Sitiárìn ti fúyẹ́. A gba ọ̀nà Ìgàndó. Nígbà tí a dé ibi tí òórùn ààtàn ti ń wọlé, tí gbogbo èèyàn ń yí gíláàsì sókè, ọ̀gá ní mọ́tò yìí ń fà. Wọ́n tú ọwọ́ sílẹ̀ fún mi kí n rí i. Sitiárìn dá yí fúnra ẹ̀, sí ọ̀tún, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sínú dáṣíbọọ̀dù tó ń rọra gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ sì mọ ohun tó wà lápá ọ̀tún títì yẹn. Gọ́tà ni, àti àwọn èèyàn tó ń lọ jẹ́jẹ́ wọn.

A gbé e lọ fún aláímẹ́ǹtì. Wọ́n ní taya tọ́. Ọ̀gá ní ọ̀pá yẹn ni ò dáa, tòkunbọ̀ ni, ta ló mọ ohun tí ojú ẹ̀ ti rí lókè òkun. A dá a padà fún ẹni tó tà á fún wa, a gba òmíràn. Mo tún tú u, mo tún so ó, mo tún to taya, mo tún fi wáyà mi síbẹ̀. Ọ̀gá tún jókòó. Ọwọ́ òsì, kọ́kọ́rọ́, bísímíláì. Iná ṣẹ́jú, mo ṣe àmín, a gba ọ̀nà Ìgàndó, sitiárìn tún yí sí ọ̀tún.

Ọjọ́ yẹn mi ò jẹun.

Ẹja ló là mí lójú. Màmá mi ń ta ẹja oníyìnyín nítòsí Ṣáṣá, wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tó ń lo bátìrì, tó ń kọ nọ́ḿbà. Lọ́jọ́ Àìkú kan mo wà níbẹ̀, wọ́n ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé òṣùwọ̀n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tàn. Ó kọ òdo. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò. Ó yẹ kó ṣì jẹ́ òdo, kò sí nǹkan lórí ẹ̀. Dípò òdo, ó fa ìlà kékeré síwájú, ó kọ nọ́ḿbà tó wà lábẹ́ òdo. Màmá mi kàn yínmú, wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn láìgbọ́wọ́ lé e. Wọ́n ní, "Tó o bá gbọ́wọ́ lé e nígbà tó ń jí, ó máa rò pé ọwọ́ ẹ ni òfìfo."

Mo dìde. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ débi tí oníbàárà yẹn fi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọwọ́ òsì ọ̀gá. Ó wúwo, ọwọ́ mẹkáníìkì ni, ó máa ń gbẹ́kẹ̀ lé apá òsì sitiárìn bí ẹni tó ń sinmi, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á lọ́ sí òsì díẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á wá rò pé òfìfo nìyẹn. Tí ọ̀gá bá gbọ́wọ́ kúrò, irin á padà sáyè ẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á ní háà, ẹnì kan ń yí i sí ọ̀tún, ẹ̀rọ, bá a tì í. Ìdí tó fi ń fà sí ọ̀tún nìyẹn. Àwọn ọ̀pá méjèèjì tí a gbà, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n.

Ẹ ò rí i? Mi ò lọ síbẹ̀ lọ pariwo. Ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo bá ọ̀gá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, mo dúró kí wọ́n ṣe tán, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo sọ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Mo sọ ọ̀rọ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ṣé àdúrà ló wá ń ba mọ́tò jẹ́ báyìí. Mo ní rárá o, ọwọ́ ni. Wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tí àwọn ti dá ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, kò sí mọ́tò kan tí ọwọ́ àwọn bà jẹ́. Òótọ́ sì ni. Mọ́tò ọlọ́ìlì ò mọ̀ bóyá ẹnì kan gbọ́wọ́ lé e. Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbàdúrà tán. Ìyẹn ni wọn ò fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n ní mọ́tò tí a ti gbàdúrà sí ti parí, tí a bá tún padà sídìí ẹ̀, a ń sọ fún Ọlọ́run pé kò gbọ́ nìyẹn.

Wọ́n ní kí n yọ fíúùsì ẹ̀, kí sitiárìn má lo iná mọ́, kí Màmá máa wà á bẹ́ẹ̀. Kò ní fà mọ́. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo yọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Màmá wá ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n jókòó, wọ́n fẹ́ yí mọ́tò jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan, ojú wọn rọ̀. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n fi àyà ti sitiárìn, mọ́tò ò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ tó fi dúró. Wọ́n wá gbé ọwọ́ òsì lé èjìká ọ̀tún, wọ́n jókòó síbẹ̀. Wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù lójú wa, wọ́n ní ó lè wá gbé mọ́tò náà lọ́jọ́ Sátidé.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n bi mí bóyá ẹnì kan máa ń wakọ̀ lọ sí Ìgàndó ní Ọjọ́bọ̀ tó lè máa gbé àwọn dání. Ohùn kan ni wọ́n fi bi mí, ẹ̀yin náà mọ ohùn yẹn, ohùn ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ.

Mo lọ bẹ ọ̀gá. Mo bẹ̀ wọ́n gan-an. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, ká so iná padà, ká gbàdúrà sí i. Wọ́n gbà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, mo ń sọ fún yín. Mo rò pé wọ́n ti gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, pé wọ́n kàn máa gbé ọwọ́ sórí itan wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, àárọ̀. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Mo to taya, mo so wáyà. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, báàgì wọn lápá òsì. Ọ̀gá wọlé, wọ́n jókòó. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Kò sí nǹkan míì tí mò ń wò láyé. Ọwọ́ òsì yẹn dìde, ó lọ, ó bà lé sitiárìn bí ẹyẹ tó mọ igi ẹ̀. Wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́. Bísímíláì.

Iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀."

Wọ́n la ojú. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà lókè. "Kí lo wí?"

"Ọwọ́ yín, sà. Ẹ gbé e kúrò lórí sitiárìn. Òun ló ń bà á jẹ́ látọjọ́ yìí."

Mo mọ̀ pé mo sọ ọ́ sókè. Inú mi ti gbóná, ohùn mi sì jáde bó ṣe fẹ́. Kò sì sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dún bẹ́ẹ̀, àdúrà ń lọ lọ́wọ́, oníbàárà dúró. Ọ̀gá kàn ń wò mí. Ojú yẹn ò le rárá. Ì bá sàn kó le.

Màmá ló sọ̀rọ̀, ohùn tíṣà ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún kíláàsì pé kí wọ́n jókòó. "Àlááji, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi níbí. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró gbà á."

Ọ̀gá pa kọ́kọ́rọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, wọ́n la ọwọ́ méjèèjì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Èmi wá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, mo ṣí kọ́kọ́rọ́, mo fa ọwọ́ mi padà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan sitiárìn. Iná ṣẹ́jú jẹ́jẹ́, ó pẹ́ lójú mi ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá ń ṣẹ́jú kíákíá. Mo pa á, mo yọ wáyà. Ọ̀gá parí àdúrà. Màmá ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ṣùgbọ́n kò dún.

Màmá wà á jáde fúnra wọn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì nìkan yà sí títì, a ń lọ, a dé ibi òórùn ààtàn, mo ní kí wọ́n rọra tú ọwọ́ sílẹ̀. Sitiárìn dúró gbagidi. Mọ́tò ń lọ tààrà bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Wọn ò yà padà. Wọ́n wà á dé Ìgàndó, wọ́n yọjú sí ẹ̀gbọ́n wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń jà nínú ilé, mo jókòó sínú mọ́tò mò ń rẹ́rìn-ín bí ayírí.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá sọ fún ọ̀gá pé, "Àlááji, àdúrà yín gbà." Ọ̀gá ní, "Alihamudulilahi." Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, wọ́n juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi lọ.

Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "O mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n o ò lè máa mọ̀ ọ́n níbí. Kó irinṣẹ́ ẹ."

Mo kó o. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé tẹ́sítà mi síbẹ̀, mi ò sì padà lọ mú un di òní. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, ọ̀gá sọ pé mo dá àdúrà dúró, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹnu àwọn tó kù ni wọ́n ti fi ìyókù kún un. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù màmá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà ẹja. Tí sitiárìn oníná bá bàjẹ́ ní gbogbo àdúgbò yìí, wọ́n á rìn kọjá ẹnu ọ̀nà mi lọ síbi tí wọ́n ti máa ní kí wọ́n lọ ra ọ́ìlì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á padà wá bá mi, wọ́n á wo ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó wọlé.

Màmá Tíṣà ò wo ẹ̀yìn. Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n máa ń fọn fèrè fún mi tí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n fún mi ní ìgò ọ́ìlì yẹn, ó wà lórí pẹpẹ mi, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i di òní. Àwọn ló sọ èyí tó kẹ́yìn fún mi. Wọ́n lọ pààrọ̀ bíréèkì lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n ní ọ̀gá kì í jókòó sínú mọ́tò gbàdúrà mọ́. Ìta ni wọ́n ń dúró sí báyìí, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbọ́wọ́ lé.

Wọn ò ránṣẹ́ sí mi. Mi ò sì retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, inú mi á dùn, á tún bàjẹ́, mo máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi jà pé bóyá ó yẹ kí n ti dúró kí àmín kọjá, bóyá ó yẹ kí n ti jẹ́ kí ọmọ Màmá wá gbé mọ́tò lọ lọ́jọ́ Sátidé, kí n ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Màmá ì bá wà ní pálọ̀ báyìí, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó máa ráyè.

Ó dáa, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹ ti rí ọwọ́ yẹn, ẹ ti rí iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ mọ ibi tí mọ́tò yẹn máa fà sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dúró síbẹ̀ láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?